Bọ́tìnì tó ń mú kí dítẹ́kítọ̀ fo góòlù kọjá

Owó góòlù kọjá 4,000 dọ́là lórí ounce kan lọ́jà àgbáyé lóṣù October 2025, gbogbo yín lẹ sì ti gbọ́. Ohun tó máa ń tẹ̀lé ìròyìn nípa góòlù ni mo fẹ́ ká wò: àwọn èèyàn á gbé dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń wá mẹ́tàlì nínú ilẹ̀, kọ́ èjìká, ó di inú igbó. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Sudan, ó ṣẹlẹ̀ ní aṣálẹ̀ Djado ní Niger lọ́dún 2014. Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí sì máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé, "Ó lè rí góòlù jìn tó ẹsẹ̀ mélòó nínú ilẹ̀?" Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ni wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ yìí má sọ fún mi?

Ẹ̀rọ náà ní abọ́ pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀, wáyà ni wọ́n ká sínú rẹ̀. Iná tó ń gba inú wáyà yìí ló ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀. Bí agbára náà bá kan mẹ́tàlì, á dá iná kékeré kan sílẹ̀ tó ń yí po lára mẹ́tàlì ọ̀hún, iná yẹn náà á sì rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ padà sókè. Abọ́ á gbọ́ ọ, ẹ̀rọ á dún. Ìdáhùn yìí kì í bá ìpè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, bó sì ṣe ń fà sẹ́yìn tó yàtọ̀ láti mẹ́tàlì kan sí òmíràn. Fàdákà àti bàbà tó nípọn máa ń fà sẹ́yìn gan-an. Irin, tí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fà mọ́ra, ní ìdáhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di nọ́ńbà lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bọ́tìnì discrimination ti wọlé. Èmi á máa pè é ní ìṣàyàn. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ á pàṣẹ fún un pé bí nọ́ńbà bá ti kéré sí iye kan, kó dákẹ́, kí ìṣó àti bébà onífàdákà inú páálí sìgá má baà dà á láàmú. Ó dára létí. Àmọ́ ẹ̀rọ kò mọ orúkọ mẹ́tàlì kankan. Bí nǹkan náà ṣe tóbi tó, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe dùbúlẹ̀ sí, àti ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń pinnu nọ́ńbà. Góòlù tí kò tó hóró ẹ̀wà sábà máa ń bọ́ sórí nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú bébà sìgá. Òrùka góòlù àti ìdè orí agolo mọ́ọ̀tì kì í jìnnà síra. Ẹ̀wọ̀n góòlù tín-ín-rín tí àwọn Alhaja wa ń rà bọ̀ láti Jeddah tún wá le jù, torí pé oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń dá dáhùn, ìdáhùn náà sì kéré. Ẹni tó bá ti pa gbogbo nọ́ńbà kékeré lẹ́nu mọ́, góòlù ló ń pa lẹ́nu mọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ jíjìn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé ìṣàyàn ń dín agbára tí ẹ̀rọ ń rán wọlẹ̀ kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó ń bọ̀ ni ìṣòro wà. Bí nǹkan kékeré kan bá fi ìlọ́po méjì jìn sí i, ìdáhùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ tó ìlọ́po 64, torí pé agbára ń dín kù nígbà tó ń lọ, ó sì tún ń dín kù nígbà tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pè yín láti òkèèrè, ẹ lè gbọ́ pé wọ́n pè yín kẹ́ ẹ má mọ ohùn ẹni tó pè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ẹ̀rọ: ìdáhùn tó tó láti fi mọ̀ pé mẹ́tàlì wà lè má tó láti fi mọ irú mẹ́tàlì tó jẹ́. Tí ìṣàyàn bá wà ní títàn, ohùn tí kò bá dá mọ̀, ó lè kà á mọ́ irin, kó sì dákẹ́.

Ilẹ̀ tiwa tún dá kún un. Ilẹ̀ pupa bíi ti Ìtagùnmọ́dì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìpẹtà irin ló mú un pupa, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ń dá ẹ̀rọ lóhùn. Bí góòlù bá wà lókè, ohùn tirẹ̀ á borí. Bó bá ti wọlẹ̀ lọ, ohùn ilẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí góòlù á fi di ìṣó lójú ẹ̀rọ.

Ẹ wá wo irú ilẹ̀ mìíràn. Ghulail ni àdúgbò kan ní gúúsù Jeddah tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, gbé fún ìgbà pípẹ́. Ó wà lára àwọn tí ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí wó lápá ìparí ọdún 2021. Níbi tí wọ́n bá ti wó ilé, ọ̀pá irin inú kọnkéré, ìṣó, páànù àti wáyà iná ló máa ń kún ilẹ̀. Ká ní òrùka ẹnì kan bọ́ sínú irú àlàpà bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó. Abọ́ á kọ́kọ́ kan ìṣó, ẹ̀rọ á dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un, kó sì tó ṣetán láti tún gbọ́, abọ́ ti kọjá òrùka. Òrùka yẹn lè má jìn ju íǹṣì méjì lọ.

Wàhálà yìí ti pẹ́. Ní July 2, 1881, wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, sáré ṣe ẹ̀rọ tí yóò wá ọta náà nínú ara Ààrẹ. Níbi tó ti dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó gbé e dé orí Garfield, ohùn tó rújú ló ń gbọ́; wáyà irin wà nínú ibùsùn tí aláìsàn dùbúlẹ̀ lé. Dókítà Willard Bliss náà ti pinnu pé apá ọ̀tún ni ọta wà, apá ọ̀tún sì ni wọ́n wá a sí. Apá òsì ló wà. Garfield kú ní September 19. Irin bo ohun tí wọ́n ń wá, èèyàn sì ti pinnu ṣáájú ibi tí etí kò ní dé.

Èrò tèmi ni pé àwọn ọlọ́jà tó ń sọ pé ẹ̀rọ tuntun kì í pàdánù jíjìn kankan nítorí ìṣàyàn ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Lórí iyanrìn etíkun tó mọ́, ó lè sún mọ́ òótọ́. Lórí ilẹ̀ pupa, ẹ̀rí tó wà kò tíì tó fún mi láti gbà á. Kò sì sí bọ́tìnì tó lè mú dítẹ́kítọ̀ ọwọ́ rí gbogbo góòlù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Maaden kéde góòlù tuntun nítòsí ibi ìwakùsà Mansourah-Massarah, ní agbègbè Mẹ́kà, lóṣù December 2023, ohun tí wọ́n rí níbi méjì tí wọ́n gbẹ́ jẹ́ gíráàmù 10.4 àti 20.6 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Góòlù tó fọ́n ká báyẹn, yàrá àyẹ̀wò ló ń rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi òfin léèrè, torí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ wa lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó sin góòlù kékeré kan sínú ilẹ̀ pupa, kó gbé abọ́ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣàyàn ní títàn, kó wá pa ìṣàyàn náà níṣojú yín, kó tún un ṣe. Bí kò bá gbà, ẹ mú owó yín lọ.