Purotéènì Tau àti Àrùn Ìgbàgbé Àwọn Àgbàlagbà

Ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn sì ní ẹ̀ka gígùn kan tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nínú ẹ̀ka yìí ni àwọn ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí wà, àwọn sì ni ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà kó ohun èlò rẹ̀ dé òpin ẹ̀ka náà. Purotéènì tí ń jẹ́ tau ni ó ń rọ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá wọ̀nyí kí wọ́n má baà tú, bí okùn ti ń di ọ̀pá ọgbà pọ̀ kí ìjì má baà wó o. Yàrá ìwádìí Marc Kirschner ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní 1975.

Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń lẹ èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ fọ́sféètì mọ́ tau lára, òun náà ni ó sì ń yọ ọ́, kí okùn lè dẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ kí ó dẹ̀. Nígbà tí fọ́sféètì bá pọ̀ jù ni wàhálà ń dé, nítorí pé tau yóò já kúrò lára ọ̀pá, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ tau ẹgbẹ́ rẹ̀, títí wọn yóò fi lọ́ mọ́ra bí òwú tí ó ta kókó. Ohun èlò kò ní dé ibi tí ó ń lọ mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì kú nígbẹ̀yìn. Kókó yìí wà lára ohun tí dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ní ẹni ọdún 51, tí ó sì ròyìn ní ìlú Tübingen ní 1906. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó hàn pé tau ni ó ta kókó bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, níbi tí ìrántí tuntun ń gbà wọlé, wà lára ibi tí kókó wọ̀nyí ti ń kọ́kọ́ pọ̀. Ìdí nìyí tí màmá àgbà fi lè ki oríkì ìdílé bàbá wọn láìfo ẹsẹ kan, síbẹ̀ tí wọn yóò béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan bóyá àwọn ti jẹun ọ̀sán, nígbà tí abọ́ àmàlà tí wọ́n jẹ tán ṣì wà níwájú wọn. Wọn kò purọ́, wọn kì í sì í ṣe àjẹ́. Ìkà gbáà ni kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ kan arúgbó tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn.

Àrùn ìgbàgbé yìí, tí a ń pè ní Alzheimer, nìkan kọ́ ni tau ń dá sílẹ̀ tàbí tí ó ń bá rìn. Ní 2002, dókítà ọmọ Nàìjíríà, Bennet Omalu, yẹ ọpọlọ Mike Webster, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) rí, wò, ó sì bá tau tí ó ta kókó níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ mọ́ orí tí ó ń gba ìkọlù léraléra.

Ìwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé àrùn Alzheimer tuntun láàárín àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ṣùgbọ́n àrùn náà wà láàárín àgbàlagbà Yorùbá, a kò sì gbọdọ̀ máa pè é ní ṣíṣarán lásán. Kò tíì sí oògùn tí ó ń tú kókó tau, àmọ́ ìgbàgbé mìíràn wà tí oògùn tí aláìsàn ń lò, àìtó fítámìn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń fà, tí ó sì ṣeé tọ́jú. Nítorí náà, kí ẹbí tètè mú àgbàlagbà tí ó bá ń gbàgbé wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn tí àgbàlagbà náà ń lò, títí kan àgbo, sínú àpò kan wá fún dókítà.