Pátákó onígi ní Kùtọnú: Igi wo ló lè fara da òjò, oòrùn àti ikán?

Oníṣòwò tó bá fẹ́ gbé pátákó onígi síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kùtọnú lè lo ẹ̀rọ lésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jó lẹ́tà sára pákó láàárín àkókò díẹ̀. Àmọ́ pákó tó ń gba lẹ́tà dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ náà kọ́ ló ń pẹ́ níta. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Òkun wà ní gúúsù ìlú náà, adágún Nokoué wà ní àríwá rẹ̀. Ìgbà òjò méjì ló ní lọ́dún: láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Keje, àti láti Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá. Bí òjò bá rọ̀, pákó á wú. Bí oòrùn bá ràn, á sún kì, á sì là. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun náà ń jẹ ìṣó onírin.

Arère: inú ilé ni kó wà

Arère, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní samba, fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Lẹ́tà tí lésà bá jó sí i máa ń hàn kedere. Ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹrà, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti páláńkì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fún iṣẹ́ inú ilé, omi òjò máa ń tú u.

Ìrokò, tíìkì àti apá

Àwọn mẹ́ta yìí ló tó gbé síta. Orúkọ Yorùbá náà ni àwọn oníṣòwò igi káàkiri ayé fi ń pe ìrokò. Éṣíà ni tíìkì ti wá, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn oko ìjọba ní Agrimey, Djigbé àti Toffo ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Apá le gan-an, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, níbi ìpàdé CITES ní Panama, wọ́n fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sára àwọn igi tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gbé e kọjá ẹnubodè. Ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó sanwó.

Orúkọ igi nìkan kò tó. Àárín igi, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ló ń pẹ́. Ibi funfun tó sún mọ́ èèpo máa ń jẹrà, ì báà jẹ́ ti tíìkì. Tíìkì tí kò tíì gbó kí wọ́n tó gé e, ibi funfun yìí ló pọ̀ lára rẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Kí lẹ́tà má baà parẹ́

Lẹ́tà tí iná jó kì í hàn dáadáa lára igi dúdú, oòrùn àti òjò sì máa ń pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì kun pákó tó ti gbẹ, kí ọ̀dà má baà ràn sínú iṣan igi. Kí lésà gbẹ́ lẹ́tà náà jinlẹ̀ tí ìka á fi mọ kòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ̀dà sí i, ẹ fi sáńpépà ha ojú pákó, kí ẹ sì tún fi fáníìṣì kùn ún, títí kan orí àti ìdí rẹ̀, níbi tí omi ti ń wọlé jù.

Ẹ má ri ẹsẹ̀ pátákó onígi mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ onírin ni kó ní, kí ikán má baà gùn ún. Ìṣó tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Ẹ má sì gbé pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ sábẹ́ lésà. Èéfín rẹ̀ lè ní májèlé, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ni yóò sì fà á símú.