Yíyan Ohun Ẹ̀kọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ìdánwò Físíìsì A Level

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò A Level ti Cambridge lẹ́yìn tí wọ́n ti yege nínú ti WAEC. Físíìsì wà lára iṣẹ́ tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Nígbà tiwa, ìwé tí ó bá wà ní ibi ìkówèésí ni a ń kà. Kò sí pé à ń ṣà á. Lónìí, ẹ̀kọ́ kún inú íntánẹ́ẹ̀tì bí omi òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ó ṣeé mu.

Ohun tí ó ṣáájú ni kí a mọ ìdánwò náà gan-an. 9702 ni nọ́ńbà físíìsì A Level Cambridge, sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní in lọ́wọ́ kí ó tó wo fídíò kankan. Físíìsì kan ṣoṣo ni ó wà láyé, ṣùgbọ́n ìdánwò rẹ̀ kò rí bákan náà. Nínú ìbéèrè WAEC, 10 ni a sábà máa ń lò fún òòfà ilẹ̀, 9.81 ni Cambridge ń lò. Ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ àti nípa ẹ̀rọ tí dókítà fi ń yẹ inú ara wò wà nínú 9702, kò sí nínú ìdánwò AP ti Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ó bá gbára lé fídíò AP nìkan yóò bá ìbéèrè tí kò kọ́ rí pàdé.

Fún àlàyé, àwọn kan wà tí a lè fọkàn tán. OpenStax ti Yunifásítì Rice ń pín odidi ìwé físíìsì lọ́fẹ̀ẹ́. Khan Academy ń ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ní ọdún 2002 ni Carl Wieman, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, dá PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado. Níbẹ̀, ọmọ lè so wáyà iná mọ́ bátìrì lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. A lè wa púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí a sì lò ó láìsí dátà.

Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe mímọ̀. Ìbéèrè ọdún àtijọ́ ni òṣùwọ̀n. Kí ọmọ kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó tó wo ìlànà tí Cambridge fi ń fúnni ní máàkì àti ìjábọ̀ àwọn olùdánwò. Ìkànnì tí ó bá ń gbé ìdáhùn kalẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí olówó.

Ẹ má sì gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́. Máàkì 40 ni Pépà 3, níbi tí ọmọ yóò ti fi ohun èlò wọn nǹkan fúnra rẹ̀; máàkì 30 ni Pépà 5, níbi tí yóò ti ṣètò àyẹ̀wò tí yóò sì túmọ̀ èsì rẹ̀. Fídíò kò lè kọ́ ọwọ́ ní iṣẹ́. Kí ẹ tó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ A Level èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n fi láàbù wọn hàn yín.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó wúwo jù. Àwọn kan ń ta ohun tí wọ́n pè ní ìbéèrè ìdánwò lórí WhatsApp àti Telegram kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bí irọ́ bá ni, owó ti ṣòfò. Bí òótọ́ bá ni, olè ni, ó sì lè mú kí wọ́n fagi lé èsì ọmọ náà. Òbí tí ó bá sanwó rẹ̀ ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí yóò pẹ́ lára rẹ̀ ju físíìsì lọ. Ilé tí a fi èrú kọ́ kì í dúró.

Kí Olúwa, tí ó fi òfin lélẹ̀ fún ìràwọ̀ àti ìgbì òkun, fún àwọn ọmọ wa ní òye àti sùúrù láti kẹ́kọ̀ọ́ nínú òtítọ́. Àmín.