Ìyá Tí Ó Gba Ojú Fèrèsé Jáde

 Sinimá kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọdún 2008 ni àwọn ará Jámánì ṣe é, Uli Edel ni ó darí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Der Baader Meinhof Komplex. Kì í ṣe àlọ́ o. Ohun tí ojú rí ní Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn ni, láti ọdún 1967 títí di 1977.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi ni Ulrike Meinhof. Akọ̀wé ìròyìn ni, kálàmù rẹ̀ mú, ó sì bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, ní ọdún 1962. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ní ọjọ́ 2 oṣù Júùnù 1967, ọba ilẹ̀ Ìráànì wá sí Berlin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọ̀kan nínú wọn, Benno Ohnesorg, tí kò mú ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Inú bí èmi náà níbi tí mo jókòó sí.

Ní mọ́sálásí wa, àwọn ọ̀dọ́ a máa gbé irú ìbínú bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán kí n tó ní kí wọ́n dákẹ́, kò sì dára.

Ní oṣù Épírì 1968, Andreas Baader àti Gudrun Ensslin, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ti iná bọ ilé ìtajà ní Frankfurt. Ọmọ pásítọ̀ ni Gudrun yìí. Ọmọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ bí kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dojú ìjọba àwọn olówó bolẹ̀ nítorí tálákà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Méè 1970, a mú Baader láti ẹ̀wọ̀n wá sí ilé ìkàwé kan ní Berlin, pé òun àti Ulrike fẹ́ jọ kọ ìwé. Ẹ̀tàn ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìbọn wọlé, wọ́n yìnbọn lu àgbà ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Baader sì bẹ́ gba ojú fèrèsé. Nínú sinimá náà, Ulrike dúró díẹ̀, ó wo ìta, lẹ́yìn náà òun náà bẹ́. Ọmọ ọdún 7 ni àwọn ìbejì rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

A kó àwọn ọmọ náà pamọ́ sí Sicily ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibùdó àwọn ọmọ òrukàn Palẹstínì ní Jọ́dánì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè! Akọ̀wé ìròyìn kan, Stefan Aust, ni ó sáré lọ gbà wọ́n, tí ó dá wọn padà fún bàbá wọn. Òun náà ni ó kọ ìwé tí a fi ṣe sinimá yìí.

Àwọn ará Palẹstínì gba àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà lálejò ní Jọ́dánì láti kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn. Ìhòhò ni àwọn àlejò nà gbalaja sínú oòrùn, lójú àwọn tí ó gbà wọ́n! Nítorí irú èyí, àti nítorí ẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó. Ẹ bá àwọn tí ó ti dàgbà wò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tiwọn.

Ní oṣù Méè 1972, bọ́ǹbù wọn pa ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin. Ó ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé ìròyìn kan ní Hamburg léṣe, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń jà fún. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni a mú Ulrike.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Méè 1976 ni a bá òkú rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Stammheim. Àwọn ìbejì náà ti di ọmọ ọdún 13.