Nígbà tí Sófíẹ̀tì fẹ́ mú agbára dọ́gba ní Kúbà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa òṣèlú àgbáyé gbà pé bí agbára àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bá ti rí bákan náà, kò sí èyí tí yóò dédé kọjú ìjà sí èkejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ kí agbára tó dọ́gba, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gòkè, ibi tó ti ń gòkè yẹn gan-an sì ni ewu wà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962.

Lásìkò náà, ohun ìjà átọ́míìkì Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti Sófíẹ̀tì lọ. Amẹ́ríkà tún ti gbé mísáìlì Jupiter 15 sí Tọ́kì, lẹ́bàá ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, àti 30 sí Ítálì. Nikita Khrushchev, olórí Sófíẹ̀tì, wò ó pé bí òun bá kó mísáìlì tòun lọ sí Kúbà, tí kò ju nǹkan bí 145 kìlómítà sí Florida, àwọn ará Amẹ́ríkà náà á mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa sùn níbi tí ìbọn ọ̀tá kọjú sí. Fidel Castro, olórí Kúbà, ní ìdí tirẹ̀ láti gbà á láyè. Oṣù Kẹrin ọdún 1961 ni àwọn ọmọ Kúbà tó sá nílùú, tí Amẹ́ríkà kọ́ níjà tó sì kó ohun ìjà fún, ya wọ Bay of Pigs ní etíkun Kúbà láti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́lẹ̀ ni Khrushchev ti ṣe é, lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti kù káàtó jù. Castro alára fẹ́ kí wọ́n fi àdéhùn wọn hàn ní gbangba. Ó ṣe tán, gbogbo ayé ló mọ̀ nípa ti Tọ́kì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ọkọ̀ òfuurufú amí U-2 ya fọ́tò ibi tí wọ́n ń to mísáìlì sí. Ọjọ́ 16 ni Ààrẹ John F. Kennedy rí fọ́tò náà. Ní ọjọ́ 22, ó tú àṣírí náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kéde pé ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yóò dínà mọ́ ọkọ̀ tó bá kó ohun ìjà lọ sí Kúbà.

Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù síbẹ̀ kíá. Wọ́n rò pé ọmọ ogun Sófíẹ̀tì tó wà ní Kúbà jẹ́ nǹkan bí 10,000. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun náà ju 40,000 lọ. Àwọn ọ̀gágun náà ò sì mọ̀ pé ohun ìjà átọ́míìkì kéékèèké, irú èyí tí wọ́n lè fi dojú kọ ọmọ ogun tó bá gúnlẹ̀ sétíkun, ti wà níbẹ̀. Ó di ọdún 1992, níbi ìpàdé kan ní Havana, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbọ́.

Ọjọ́ 27 ló gbóná jù. Wọ́n yin ọkọ̀ U-2 kan lulẹ̀ ní Kúbà, awakọ̀ rẹ̀, Rudolf Anderson, sì kú. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ń ju àdó kéékèèké sómi kí B-59, ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ̀tì kan, lè jáde sókè. Wọn ò mọ̀ pé tọ́pídò átọ́míìkì kan wà nínú rẹ̀. Ooru inú ọkọ̀ náà ti kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti gbúròó Moscow kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ròyìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀gá ọkọ̀ náà, Valentin Savitsky, fi ìbínú ní kí wọ́n gbé tọ́pídò náà sípò. Ó rò pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lókè. Vasili Arkhipov, ọ̀gá míì tó wà nínú ọkọ̀ náà, ló pẹ̀tù sí i nínú. Nínú ìṣirò agbára wo lèèyàn ti fẹ́ rí Arkhipov?

Bí Washington àti Moscow ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ tún yani lẹ́nu. Lẹ́tà tí Khrushchev kọ ní ọjọ́ 26 gba nǹkan bí wákàtí 12 kó tó dé ọwọ́ Kennedy tán. Anatoly Dobrynin, aṣojú Sófíẹ̀tì ní Washington, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé bí àwọn bá fẹ́ tẹ wáyà sílé, àwọn á pe iléeṣẹ́ Western Union, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan á sì gun kẹ̀kẹ́ wá gbé e. Àdúrà wọn ni pé kó má lọ dúró bá ọmọge kan tàkúrọ̀sọ lọ́nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 27, Robert Kennedy, àbúrò ààrẹ, pe Dobrynin sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ fún un pé bí mísáìlì bá kúrò ní Kúbà, Amẹ́ríkà ò ní gbógun lọ síbẹ̀, ti Tọ́kì náà á sì kúrò láàárín oṣù mélòó kan, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ti Tọ́kì wà nínú àdéhùn náà. Ọjọ́ 28, Khrushchev ní kí Rédíò Moscow ka èsì òun síta, torí rédíò yá ju wáyà lọ. Inú ìròyìn ni Castro ti gbọ́, inú sì bí i gidigidi. Erékùṣù rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mú agbára wọn dọ́gba, wọn ò sì pè é síbi tí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1963, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì fọwọ́ sí àdéhùn láti so ẹ̀rọ pọ̀ láàárín Washington àti Moscow. Fíìmù máa ń fi í hàn bíi tẹlifóònù pupa, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn lóríṣiríṣi tẹ̀ lé e, tí ẹnì kìíní fi lè ka ohun tí ẹnì kejì ní. New START, àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ní ọdún 2010, fi òté lé ohun ìjà átọ́míìkì alọjìnnà tó wà ní sẹpẹ́, kó má ju 1,550 lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí àwọn olùbẹ̀wò lè wọ ibùdó ara wọn tó ìgbà 18 lọ́dún. Àrùn kòrónà dá àbẹ̀wò náà dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sì padà bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Rọ́ṣíà dá ìkópa rẹ̀ dúró. Ní báyìí Ṣáínà náà ń gòkè, ohun ìjà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì tíì sí àdéhùn kan tó ní kó ṣí ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wá kà á.