Ẹni tí kò wáyé rí: Sinimá, Iṣẹ́ Amí àti Orúkọ Òkú

Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni láti fi ojú lítíréṣọ̀ wo àwọn sinimá tí ó dá lórí iṣẹ́ amí nígbà ogun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka irú sinimá bẹ́ẹ̀ sí ohun ìdárayá lásán. Èrò tèmi ni pé a lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn nípa bí a ti ń hun ìtàn, àti nípa ẹni tí ìtàn máa ń rẹ́ jẹ. Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, méjì péré ni mo mú: The Man Who Never Was, tí Ronald Neame darí ní ọdún 1956, àti Operation Mincemeat, tí John Madden darí ní ọdún 2021. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ní ọdún 1943, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí wọ́n jọ ń jagun ń múra láti kọlu erékùṣù Sísílì. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó kàn. Ewen Montagu àti Charles Cholmondeley, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá ta ọgbọ́n kan. Wọ́n wọ aṣọ ológun fún òkú ọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Méjọ̀ William Martin, wọ́n sì so àpò ìwé mọ́ ọn lára. Lẹ́tà inú àpò náà fi hàn pé Gíríìsì àti Sàdíníà ni wọn yóò kọlù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ọkọ̀ abẹ́ omi tí ń jẹ́ Seraph sọ òkú náà sínú òkun nítòsí Huelva ní ilẹ̀ Sípéènì. Apẹja kan rí i. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà dé etí àwọn Jámánì, wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì fi ọmọ-ogun kún èyí tí ó wà ní Gíríìsì. Sísílì ni ogun wọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje.

Amí gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé

Ohun tí wọ́n kó sí àpò aṣọ Martin ni ó yẹ kí ó fa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ́ra. Lẹ́tà ìfẹ́ wà níbẹ̀ láti ọwọ́ àfẹ́sọ́nà tí wọ́n pè ní Pam, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ìwé owó òrùka wà níbẹ̀, àti ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì tíátà, àti lẹ́tà báǹkì tí ń bèèrè gbèsè. Ìfìwàwẹ̀dá gan-an nìyí. Gbèsè ni ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù nínú wọn, nítorí ta ni í yá ẹni tí kò sí lówó?

Neame mọ iyì ibi yìí nínú ìtàn náà. Nínú sinimá tirẹ̀, Lucy, tí Gloria Grahame ṣe, ni ó sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìfẹ́ náà, ìfẹ́ tòótọ́ tí ó ní sí ọkùnrin mìíràn ni ó sì ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ náà ti ń ṣe nìyẹn.

Ohun méjì tí sinimá ọdún 1956 bò mọ́lẹ̀

Èkíní: báwo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ̀ pé ọ̀tá ti gba irọ́ wọn gbọ́? Neame dá amí kan sílẹ̀, Patrick O'Reilly ọmọ Áyálándì, tí àwọn Jámánì rán wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti wádìí. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Bletchley Park ni wọ́n ti ń tú àdììtú ọ̀rọ̀ tí àwọn Jámánì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, ṣùgbọ́n àṣírí yìí kò tú sí gbangba títí di ọdún 1974. Olùdarí sinimá kò lè sọ ohun tí ìjọba fi pamọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

Èkejì ni ó gba àròjinlẹ̀: òkú ta ni? Ìwé tí Montagu kọ ní ọdún 1953, tí sinimá náà dúró lé, sọ pé àwọn ẹbí òkú gbà. Sinimá náà fi bàbá kan hàn wá tí ó fi ìbànújẹ́ yọ̀ǹda òkú ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Glyndwr Michael ni òkú náà, tálákà ọmọ ilẹ̀ Wales tí kò nílé, tí májèlé eku pa ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 34. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá inú sinimá yẹn, nígbà náà, àwa olùwòran ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ó gbà ní orúkọ òkú kí ọkàn wa lè balẹ̀. Láwùjọ wa, òkú kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Ẹbí ni ó ni ín. Ẹ̀rí-ọkàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti wá bàbá fún un.

Ìkádìí

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Michael gba ọdún 53: ọdún 1996 ni a tó mọ orúkọ rẹ̀, a sì kọ ọ́ sí ibojì rẹ̀ ní Huelva ní ọdún 1998. Sinimá Madden pe orúkọ náà, ó tilẹ̀ mú arábìnrin olóògbé wá bèèrè òkú. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n lo òkú náà ni ìtàn ṣì ń tẹ̀lé, pẹ̀lú ìfẹ́ àti owú wọn.

N kò sọ pé ẹ̀tàn náà kò yẹ. Ó dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wo sinimá amí, ìbéèrè méjì yẹ kí ó wà lẹ́nu wa: kí ni òfin kò jẹ́ kí ó sọ, kí sì ni ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ? Martin ni kò wáyé rí. Ẹni tí wọ́n sin ní Huelva wáyé, ìyá bí i, ó sì ní orúkọ.