Bí Ọ̀wọ́n Ẹja Ṣe Ń Rìn Láti Èbúté Dé Orí Àtẹ

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, obìnrin kan nínú kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Ìbàdàn jókòó, kò kọ nǹkan kan. Ẹja oníyìnyín ni ó ń tà. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ gbà mí. Mo ta páálí ẹja kan tán lónìí, mo sì jèrè, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò ra páálí mìíràn. Ta ló jí owó mi?"

Kò sẹ́ni tó jí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí orí àtẹ rẹ̀.

Ẹja tí a ń pa nínú odò àti òkun wa ní Nàìjíríà kò tó wa jẹ. Nítorí náà ni ọkọ̀ ojú omi fi ń kó Títọ́ọ̀sì àti irú rẹ̀ wá láti òkèèrè, láti ilẹ̀ bíi Nọ́wè àti Họ́láńdì. Dọ́là ni ẹni tí ó ń kó o wọlé fi ń sanwó. Bí ẹja bá gúnlẹ̀ sí Àpápá, a ó san owó ibodè, a ó gbé e lọ sí ilé oníyìnyín ńlá tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kóòdùrúùmù. Alágbàtà á rà á níbẹ̀, ọkọ̀ á gbé e wá sí Ìbàdàn, kóòdùrúùmù mìíràn á tún gbà á, kí ìyá ẹlẹ́ja tó wá ra páálí tirẹ̀, 20 kílò. Ẹ ka iye ọwọ́ tí ó ti kọjá! Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìnáwó tirẹ̀ kún un: dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀, owó alábàárù.

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ká sọ pé páálí kan jẹ́ ₦40,000 ní kóòdùrúùmù Ìbàdàn. Iye tí yóò rọ ìṣirò wa lọ́rùn ni a mú. Kí ₦30,000 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí a fi dọ́là san, kí ₦10,000 jẹ́ ìnáwó àti èrè àwọn tó wà láàárín. Bí dọ́là bá fi ₦20 wọ́n sí i lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦30,000 yẹn di ₦36,000. ₦10,000 dúró síbẹ̀. Páálí di ₦46,000. Ẹ rí i pé ₦15 péré ni ẹja fi lé lórí ₦100, kò tó ti dọ́là.

Àmọ́ bí epo náà bá wọ́n, ₦10,000 yẹn kò ní dúró mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 nìyẹn. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, lítà kan tí kò tó ₦200 sì di nǹkan bí ₦500. Ní oṣù kẹfà, wọ́n jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦470 kọjá ₦700. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wa yìí wo ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Ó ra páálí ní ₦40,000, ó tà á ní ₦46,000, ó ná ₦2,000 sórí ọkọ̀ àti yìnyín. Ó ka èrè ₦4,000, ìṣirò rẹ̀ kò sì ṣì. Ṣùgbọ́n ₦44,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, páálí ti di ₦46,000. ₦2,000 dín, kò sì tíì fi kọbọ̀ ra gàrí fáwọn ọmọ. Ojú owó rẹ̀ ni ó ń pè ní èrè.

Kí ló dé tí kò tètè fowó lé e? Oníkóòdùrúùmù gbọ́ lórí fóònù pé dọ́là ti lọ sókè. Lójú ẹsẹ̀ ló fowó lé ẹja tó ti wà nínú yìnyín tẹ́lẹ̀, nítorí ó mọ iye tí òun yóò fi ra òmíràn. Ìyá ẹlẹ́ja kò gbọ́. Bó tilẹ̀ gbọ́, ẹ̀rù oníbàárà ń bà á, nítorí ẹni tó ń mú ₦1,000 wá ra ẹja ọbẹ̀, ₦1,000 náà ni yóò mú wá lọ́la. Nígbà tó yá, ẹja tó ń gé sí mẹ́rin, ó ń gé e sí márùn-ún. Àwa náà ti bínú sí irú rẹ̀ nílé rí, a pè é ní ìrẹ́jẹ. Àwọn mìíràn fi Títọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n lọ ra ẹja àrọ̀. Bí wọ́n bá sì ti pọ̀ níbẹ̀, àrọ̀ náà á wọ́n.

Ní oṣù kẹrin 2024, dọ́là sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ₦1,200. Àwọn ènìyàn ń bèèrè ìdí tí ọjà kò fi bá a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣebí dọ́là olówó gọbọi ni a fi ra èyí tó wà nílẹ̀? Ẹja inú kóòdùrúùmù lè dúró fún oṣù mélòó kan, olówó rẹ̀ náà á sì dúró. Ìyá ẹlẹ́ja ni kò lè dúró. Yìnyín rẹ̀ ń yọ́. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iye tí wọ́n bá ná an ni yóò tà á.

Obìnrin inú kíláàsì wa ti ń kọ ìlà méjì sínú ìwé rẹ̀ báyìí: iye tí mo rà á, àti iye tí n ó fi ra òmíràn lọ́la. Àràárọ̀ ló ń pe kóòdùrúùmù kí ó tó pàtẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fowó lé e, oníbàárà méjì pòṣé, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó pàtẹ tì í, tí ó ṣì ń ta iye àná. Ó dùn ún, ó sọ fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó pàtẹ tì í kò wá sọ́jà.